₦250,000 gbáko, àbí ₦190,000 pẹ̀lú àjẹmọ́nú: èwo ni kí èèyàn mú?

Ọmọ Sángo béèrè:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ méjì ló wà nílẹ̀ fún mi, ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ní kí n fèsì, orí mi sì ti dàrú. Ìkẹjà ni méjèèjì wà, Sángo-Ọ̀tà ni mò ń gbé. Àwọn àkọ́kọ́ ń kó ọjà wọlé láti òkè òkun: ₦250,000 lóṣù, ó parí. Kò sí pẹ́ńṣàn, kò sí HMO (ètò ìtọ́jú ìlera tí ọ̀gá ń sanwó fún), kò sí bọ́ọ̀sì. Àwọn kejì ń ṣe ike: ₦190,000, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì wọn ń gbé òṣìṣẹ́, oúnjẹ ọ̀sán wà, HMO wà, pẹ́ńṣàn wà, wọ́n sì ń san oṣù kẹtàlá ní Dìsẹ́ńbà. ₦600,000 ni mò ń san fún ilé lọ́dún. Ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ń gbà tó ₦2,000 lójúmọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní owó tó bá wọ àkáǹtì nìkan ni owó, ìyókù ẹnu lásán ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni?

*

Oníṣirò:

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ ná ká tó máa jà.

Òfin owó-orí tuntun ti ń ṣiṣẹ́ láti oṣù kìíní ọdún 2026. ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó ọdún kan ò ní owó-orí. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, 15% ni. Kí wọ́n tó gé e, wọ́n á kọ́kọ́ yọ pẹ́ńṣàn tí òṣìṣẹ́ san, wọ́n á sì tún yọ 20% owó ilé tó san lọ́dún náà, àmọ́ ohun tí wọ́n máa yọ kò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ. Ẹ tọ́jú rìsíìtì owó ilé yín o. Ẹni tí kò bá fi hàn wọ́n, wọn ò ní yọ ọ́ fún un.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́: ₦3,000,000 lọ́dún. Yọ ₦120,000 ti owó ilé, ó ku ₦2,880,000. Yọ ₦800,000, ó ku ₦2,080,000. 15% rẹ̀ jẹ́ ₦312,000, ìyẹn ₦26,000 lóṣù. Ohun tó máa délé ni ₦224,000.

Ti iṣẹ́ kejì, ó kù síbi tí wọ́n bá pín ₦190,000 yẹn sí. Ká ní basic, ìyẹn ìpìlẹ̀ owó-oṣù, jẹ́ ₦80,000, owó ilé ₦40,000, owó ọkọ̀ ₦30,000, ìyókù ₦40,000. Orí mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, ₦150,000, ni wọ́n ń ṣírò pẹ́ńṣàn lé. 8% òṣìṣẹ́ jẹ́ ₦12,000, 10% ọ̀gá jẹ́ ₦15,000. Owó-orí á jẹ́ ₦15,200 lóṣù. Ohun tó máa délé ni ₦162,800.

Àlàfo àárín wọn jẹ́ ₦61,200. Ẹ wá wo ohun tó wà lódì kejì: ₦27,000 tó ń wọ àkáǹtì pẹ́ńṣàn yín lóṣooṣù; bọ́ọ̀sì, ₦2,000 lọ́nà ọjọ́ 22, jẹ́ ₦44,000; oúnjẹ ọ̀sán, ká fi sí ₦1,500 lójúmọ́, jẹ́ ₦33,000; oṣù kẹtàlá, tó bá jẹ́ basic nìkan ni wọ́n ń san, ₦80,000 pín sí oṣù 12, ó lé díẹ̀ ní ₦6,600. Àpapọ̀ rẹ̀ ju ₦110,000 lọ, a ò sì tíì dárúkọ HMO.

*

Ọ̀rọ̀ Ò Pọ̀:

Ẹ̀gbọ́n Oníṣirò, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ẹnu dùn-ún ròfọ́. Bọ́ọ̀sì tó ń gbéra ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ kì í dúró de ẹni tí wọ́n ní kó ṣe ofatáìmù di aago mẹ́jọ. Ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì náà bá bàjẹ́, àpò òṣìṣẹ́ ni owó ọkọ̀ ti ń jáde. Oúnjẹ ọ̀sán, ẹ lọ wo ìwọ̀n ìrẹsì àti ẹran tó wà nínú abọ́, kẹ́ ẹ tó fi ₦1,500 sí i. Pẹ́ńṣàn, ẹni tó jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún ò lè fọwọ́ kàn án títí yóò fi pé àádọ́ta. HMO, parasitámọ́ọ̀lù àti abẹ́rẹ́ ibà. ₦224,000 lówó ni èmi máa mú ní tèmi.

*

Ìyá Ọ́fíìsì:

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì àti oúnjẹ yẹn, mo fara mọ́ ọn. Ti pẹ́ńṣàn ni mi ò gbà.

Òfin pẹ́ńṣàn ti ọdún 2014 sọ pé ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè gbọ́dọ̀ san án. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Ọmọ Sángo máa bi àwọn tó ń kó ọjà wọlé yẹn ni pé òṣìṣẹ́ mélòó ni wọ́n. Bí wọ́n bá jẹ́ 20, tí wọ́n ní “àwa kì í ṣe pẹ́ńṣàn”, òfin ni wọ́n ń rú, kì í ṣe pé wọ́n ń ṣe ọ̀làwọ́ fún un. Ilé-iṣẹ́ tó bá rú ti pẹ́ńṣàn kì í sábà san 1% tó yẹ kó máa san fún NSITF náà, àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá nìkan ló ń san ìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá ń gé e lára owó-oṣù rẹ̀, ìrẹ́jẹ ni.

Ẹni tó bá pàdánù iṣẹ́ kó tó pé àádọ́ta ọdún, tí kò sì rí òmíràn lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, lè gba 25% nínú owó pẹ́ńṣàn rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra ilé lè fi 25% ṣe owó àkọ́san yáwó ilé. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án kò rí bẹ́ẹ̀ tán.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ gan-an rèé. Ọ̀gá á gé 8% lára òṣìṣẹ́, kò ní fi ránṣẹ́. Òfin fún un ní ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tó bá san owó-oṣù. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ìtanràn tí kò gbọ́dọ̀ dín ní 2% owó náà ń gun orí ara wọn lóṣooṣù. Ọ̀nà kejì tó ń gbà bàjẹ́ ni pé owó lọ, àmọ́ ìwé tó ń sọ iye tó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ò bá a lọ, tàbí nọ́ńbà PEN (nọ́ńbà pẹ́ńṣàn òṣìṣẹ́) kan ní àṣìṣe, tàbí orúkọ tó wà ní àkáǹtì pẹ́ńṣàn ò bá ti NIN mu. Owó náà á wá so kọ́ sáfẹ́fẹ́, kò ní sí lórúkọ ẹnì kankan.

Nítorí náà, ẹ má dúró de ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Ẹ sọ fún PFA yín, ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó pẹ́ńṣàn yín, kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù yín nígbàkígbà tí owó bá wọlé, kẹ́ ẹ máa fi wé ohun tí wọ́n gé nínú ìwé owó-oṣù. Bí oṣù méjì bá ti kọjá tí nǹkan ò wọlé, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá, ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí PenCom, àjọ ìjọba tó ń mójú tó pẹ́ńṣàn. Ẹ kọ ọdún, oṣù àti iye tó wà níbẹ̀, kì í ṣe “wọ́n ń jẹ owó wa”.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tó máa ń tọrọ iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe lọ́wọ́ ìjọba ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí ju àwọn yòókù lọ, nítorí láìsí ìwé ẹ̀rí PenCom, wọn ò lè du kọ́ńtíráàtì. Ìwé yẹn ń wo ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Nítorí bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń rí i tí gbèsè pẹ́ńṣàn ọdún mẹ́ta máa ń ṣàdédé wọlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

*

Tábìlì HMO:

Ọ̀rọ̀ Ò Pọ̀, parasitámọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ sọ yẹn wà lóòótọ́, àmọ́ ìpele tí ọ̀gá rà ló fà á. Ilé-iṣẹ́ méjì lè wà lábẹ́ HMO kan náà kí ọ̀kan ra ìpele tó kéré jù, kí èkejì ra èyí tó ń san owó iṣẹ́ abẹ. Orúkọ HMO ò sọ nǹkan kan.

Ohun tẹ́ ẹ máa béèrè: ilé ìwòsàn wo ló sún mọ́ ilé yín nínú àtòkọ wọn? Ọmọ Sángo, bó bá jẹ́ Ìkẹjà nìkan ni gbogbo ilé ìwòsàn wọn wà, bí àìsàn bá dé ní aago méjì òru, ẹ ò ní lè tètè débẹ̀. Èèyàn mélòó ló wà lábẹ́ rẹ̀, ìwọ nìkan àbí ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin? Iye owó iṣẹ́ abẹ ò gbọ́dọ̀ kọjá èló lọ́dún? Ìtọ́jú aboyún, ṣé ọjọ́ tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ àbí wọ́n ní kí wọ́n dúró fún oṣù díẹ̀? Ibi tí ọ̀rọ̀ aboyún yìí ti ń já àwọn èèyàn kulẹ̀ pọ̀ ju ibikíbi lọ: oyún ti wà kí wọ́n tó gba iṣẹ́, HMO ní kò kàn wọ́n.

Kí ẹ sì mọ̀ pé fún ohun tó bá ju ìtọ́jú kékeré lọ, ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba kóòdù, ìyẹn àṣẹ láti tọ́jú yín, lọ́wọ́ HMO. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ san owó ná, pé kóòdù ò tíì jáde, ẹ pe HMO fúnra yín níbẹ̀. Nọ́ńbà wọn wà lẹ́yìn káàdì. Ẹni tó bá san tán kó tó pè kì í sábà rí i gbà padà.

*

Onípọ́ǹpù:

Àwọn tó wà ní ọ́fíìsì ń jà lórí oṣù kẹtàlá. Ẹ wá wo wa ní ilé epo, níbi tí ohun tí wọ́n ń gé ti ń fẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń san. Ṣọ́tééjì, ìyẹn owó tó bá dín, ni ọ̀tá wa.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Mítà ìbẹ̀rẹ̀, mítà ìparí, yọ wọ́n kúrò lára ara wọn, fi iye owó lítà sọ ọ́ di púpọ̀, yọ kéèṣì, yọ POS, yọ tìráńsífà. Ohun tó bá kù, ọrùn rẹ ló wà. Àmọ́ ẹ wo ibi tí irọ́ ń bá wọlé. Bí mánijà bá fi kẹ́ẹ̀gì 20 lítà dán pọ́ńpù wò, tó sì dà á padà sínú táńkì, mítà ti kà á. Bí epo bá jẹ́ ₦900, ₦18,000 ti di gbèsè onípọ́ńpù lórí epo tí kò tà fún ẹnikẹ́ni. Tìráńsífà tí wọ́n ní ó wọlé àmọ́ tí kò wọlé, èkejì nìyẹn. Ẹni méjì lórí pọ́ńpù kan, ẹ̀kẹta.

Ohun tí a máa ń sọ fún àwọn tuntun: ẹ kọ mítà sílẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣáájú, kẹ́yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ yà á sínú fóònù. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá da epo padà sí táńkì, kí mánijà kọ lítà àti aago sínú ìwé lójú ẹsẹ̀.

*

Ìyá Ọ́fíìsì:

Ẹ jẹ́ kí n fi òfin kún un. Òfin òṣìṣẹ́ ò gba ọ̀gá láyè kó kàn dédé gé owó ohun tó sọnù. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí pé ó ṣàìbìkítà, kí aṣojú ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ sì ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé. Lẹ́yìn náà, àpapọ̀ ohun tí wọ́n bá gé lóṣù kan, bó ti wù kí gbèsè náà tóbi tó, kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó-oṣù náà lọ. Ilé epo mélòó ló ń tẹ̀ lé e? Ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

*

Tíṣà Kan:

Ẹ jẹ́ kí n bá àwa tíṣà ilé-ìwé aládàáni sọ̀rọ̀. Owó-oṣù tó kéré jù tí òfin là kalẹ̀ láti 2024 ni ₦70,000. Kí ló dé tí tíṣà ń gba ₦35,000 láìsí ẹni tó bi ọ̀gá? Òfin náà yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò bá pé 25 sílẹ̀. Ilé-ìwé tó ní tíṣà 14, kúkù méjì, aṣọ́bodè méjì ti bọ́ nínú rẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan tó ju 25 lọ máa ń pín ara wọn sí méjì, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lórúkọ kan, girama lórúkọ mìíràn, ọ̀gá kan náà, ẹnu ọ̀nà kan náà.

Àjẹmọ́nú wa ni pé ọmọ tíṣà ń san ìdajì owó ilé-ìwé. Àǹfààní tó dára ni fún ẹni tó bá ní ọmọ méjì níbẹ̀: ilé-ìwé tó ń gba ₦120,000 ní táàmù, ìdajì rẹ̀ fún ọmọ méjì jẹ́ ₦120,000, ìyẹn ₦360,000 lọ́dún. Ó dọ́gba pẹ̀lú ₦30,000 lóṣù. Fún àpọ́n, òdo ni. Síbẹ̀, ọ̀gá máa ń ka á mọ́ owó-oṣù fún àwọn méjèèjì.

Kẹ́ ẹ tó gba iṣẹ́ tíṣà, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń san owó oṣù kẹjọ. Ọ̀pọ̀ kì í san án, oṣù 11 ni ọdún wọn. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n máa ń di owó oṣù àkọ́kọ́ mú, àti ìgbà tí wọ́n ń dá a padà.

*

Òṣìṣẹ́ Ìjọba:

Lẹ́yìn tí ₦70,000 yẹn jáde ní 2024, Èkó kéde ₦85,000, Ọ̀yọ́ ₦80,000, Ògùn ₦77,000, Ọ̀ṣun ₦75,000, Oǹdó ₦73,000, Èkìtì dúró sí ₦70,000. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni iye yìí ń bá. Ẹni tó wà ní ìpele 08 tàbí 10, àfikún tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kéré sí ariwo tí wọ́n pa.

Ohun tí ìjọba ní tí aládàáni ò ní ni ìsinmi. Obìnrin tó bímọ nílé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń gba ọ̀sẹ̀ 16. Òfin òṣìṣẹ́ gbogboògbò kò fún ni ju ọ̀sẹ̀ 12 lọ, ó sì gba ọ̀gá láyè kó san ìdajì owó-oṣù péré ní àkókò náà. Ìsinmi ọdọọdún nínú òfin yẹn, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ni. Mẹ́fà! Ẹ má rò pé ọjọ́ 20 jẹ́ ẹ̀tọ́ níbi gbogbo; ohun tó bá wà nínú lẹ́tà yín lẹ máa rí gbà.

*

Ará Manchester:

Ẹ̀yin ará, níbi yìí náà a ń jà ìjà kan náà. Pẹ́ńṣàn tàwa, 5% lára òṣìṣẹ́, 3% lọ́wọ́ ọ̀gá, lórí apá kan nínú owó-oṣù. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń tọ́jú arúgbó máa ń yọ ara wọn kúrò nínú rẹ̀ kí owó lè wọlé sí i, wọ́n á wá gbàgbé pé 3% ọ̀gá náà ti lọ. Èyí tó tún burú ni àkókò tí wọ́n fi ń rìn láti ilé aláìsàn kan dé òmíràn. Ó gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò owó wákàtí tó kéré jù, àmọ́ àwọn ọ̀gá kan ń san ìṣẹ́jú tí wọ́n lò nínú ilé nìkan. Ẹ máa kọ aago tẹ́ ẹ jáde nílé kan àti aago tẹ́ ẹ wọ òmíràn.

*

Ọmọ Sángo:

Ẹ ṣeun gan-an. Lẹ́tà àwọn oníke ti dé. Basic ₦45,000, owó ilé ₦20,000, owó ọkọ̀ ₦15,000, “àjẹmọ́nú mìíràn” ₦110,000. Oṣù kẹtàlá, wọ́n kọ ọ́ pé “bí àwọn aláṣẹ bá fẹ́”, basic nìkan ni. Bọ́ọ̀sì wà nínú lẹ́tà. Oúnjẹ ò sí níbẹ̀, ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́. Mo sì bi wọ́n, Abúlé-Ẹ̀gbá ni bọ́ọ̀sì ń dúró, kì í dé Sángo. Láti Sángo dé ibẹ̀, àlọ àti àbọ̀, ₦1,000. Àwọn tó ń kó ọjà wọlé ní mọ́kàndínlógún làwọn.

*

Oníṣirò:

Wọ́n ti ta ọgbọ́n. Wọ́n mú basic kéré kí pẹ́ńṣàn, oṣù kẹtàlá àti owó ìsinmi lè kéré. Gbogbo nǹkan tó ń tẹ̀ lé basic ló bá a lọ sílẹ̀.

Ìṣirò tuntun: orí mẹ́ta jẹ́ ₦80,000. Tòṣìṣẹ́ ₦6,400, tọ̀gá ₦8,000. Owó-orí ₦16,040. Ohun tó máa délé ₦167,560. Àlàfo jẹ́ ₦56,440.

Ní òdì kejì: pẹ́ńṣàn ₦14,400, bọ́ọ̀sì ₦22,000 dípò ₦44,000, oúnjẹ ₦33,000. Mo fi oṣù kẹtàlá sílẹ̀ nítorí “bí wọ́n bá fẹ́”. Àpapọ̀ ₦69,400. Ó ṣì fi ₦12,960 ju àlàfo lọ. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ tí kò sí nínú lẹ́tà yẹn bá dáwọ́ dúró, ó di ₦36,400, iṣẹ́ àkọ́kọ́ á sì fi ₦20,000 àti ẹ̀ka ṣíwájú, àyàfi bí HMO bá tó bẹ́ẹ̀.

*

Ọ̀rọ̀ Ò Pọ̀:

Mo sọ bẹ́ẹ̀.

*

Ìyá Ọ́fíìsì:

Ẹ ò tíì sọ tán. Mọ́kàndínlógún ju 15 lọ. Àbúrò, padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń kó ọjà wọlé. Má fi ẹjọ́ wọn sùn, kàn sọ pé o máa mú iṣẹ́ náà bí wọ́n bá forúkọ rẹ sílẹ̀ fún pẹ́ńṣàn gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí, kí wọ́n sì pín ₦250,000 náà sí orí mẹ́ta nínú lẹ́tà. Bí wọ́n bá gbà, ọ̀rọ̀ ti parí, iṣẹ́ yẹn ni kó o mú. Bí wọ́n bá kọ̀, lọ bá àwọn oníke pé kí wọ́n kọ oúnjẹ ọ̀sán sínú lẹ́tà, tàbí kí wọ́n fi ₦30,000 kún owó lórí rẹ̀. Kí o sì béèrè ìpele HMO lọ́jọ́ kan náà.

*

Ọmọ Sángo:

Ó yé mi, ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́la ni mo máa pe àwọn méjèèjì. Tábìlì HMO, ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi lóyún oṣù mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ nípa kí wọ́n ní ká dúró yẹn, ṣé ó kàn wá?

*

Tábìlì HMO:

Ó lè kàn yín. Ẹ bi wọ́n bóyá ó wà nínú ìpele tí wọ́n rà, kẹ́ ẹ sì gba ìdáhùn nínú ìwé kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí lẹ́tà. Ilé-iṣẹ́ tó bá forúkọ òṣìṣẹ́ púpọ̀ sílẹ̀ pa pọ̀ lè bẹ HMO kí wọ́n fa ìdádúró aboyún kúrò. Wọ́n máa ń gbà nígbà mìíràn, àmọ́ ọ̀gá ló gbọ́dọ̀ béèrè, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Bí wọn ò bá gbà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ìbímọ sápá kan láti ìsinsìnyí, kẹ́ ẹ sì fi kún ìṣirò Oníṣirò.